Ìdánwò ẹnu tí ẹnikẹ́ni kì í la ẹnu níbẹ̀

Ẹ fa àga mọ́ra, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn. 🧵

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fídíò kan ń lọ káàkiri. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i. Ọmọbìnrin kan nínú aṣọ ilé-ìwé, ẹnì kan na máìkì sí i lẹ́nu, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé kí ló fẹ́ kí ìjọba ṣe fún àdúgbò rẹ̀. Ọmọ náà la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á. Ó ní "Government... government is..." Ó bá sá wọ àárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Mo tiẹ̀ fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi.

Nígbà tó di alẹ́ mo tún un wò, ẹ̀rín ò wá mọ́. Torí mo mọ ọmọ yẹn. Kì í ṣe òun gan-an o, irú rẹ̀ ni mo mọ̀. Mo ti fi ọdún kan gbáko kọ́ irú rẹ̀ 68.

Nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Òkè-Ògùn ni wọ́n gbé mi sí. Gẹ̀ẹ́sì ni mo kà ní yunifásítì, torí náà wọ́n kó SS2 lé mi lọ́wọ́. Ọmọ 68 nínú kíláàsì kan, mẹ́rin-mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì tó yẹ kó gba méjì.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, bí mo ṣe wọlé, gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà: "Good morning ma, you are welcome to our class, God bless you ma." Ohùn wọn dọ́gba bíi ti ẹgbẹ́ akọrin. Inú mi dùn. Mo ní àwọn ọmọ yìí mọ̀wé. Mo ní kí wọ́n jókòó, mo wá fi Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n pé ta ló máa sọ fún mi bí ọjà ìlú yìí ṣe rí.

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu.

Àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń ta ẹ̀lùbọ́ àti gàrí o! Àwọn tó ti ń ná ọjà láti ìgbà tí wọn ò tíì ga tó tábìlì. Ẹ bi wọ́n ní Yorùbá, ẹ̀yin gan-an lẹ máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́.

Kì í ṣe pé wọn ò mọ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Wọ́n lè ka ìtumọ̀ adverbial clause fún ẹ láìmí. Ó wà nínú nóòtì wọn, wọ́n fi bírò pupa fàlà sí i nídìí. Àmọ́ ẹ ní kí wọ́n fi sọ pé bí òjò bá rọ̀ lọ́la àwọn ò ní lè wá sílé-ìwé, ẹ máa rí i pé ọ̀nà jìn láàárín inú nóòtì àti inú ẹnu.

Ta ló máa dá wọn lẹ́bi? Ẹ wo WAEC fúnra rẹ̀. Apá kan wà nínú Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Oral English. Ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu. Báwo la ṣe ń ṣe é ní Nàìjíríà? Pẹ́ńsù la fi ń ṣe é. Wọ́n á fún ẹ ní ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á ní kó o mú èyí tí fáwẹ̀lì rẹ̀ bá a dọ́gba nínú mẹ́rin, kó o kun A tàbí B tàbí C tàbí D. Ìdánwò ẹnu, gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Èmi náà ṣe é, mo yege dáadáa. Síbẹ̀ mo ti wà ní yunifásítì kí n tó lè fi Gẹ̀ẹ́sì bá ẹni tí mi ò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń tẹ̀wé bọ̀ nísàlẹ̀ pé "àmọ́ a máa ń ṣe debate."

Ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́.

"Good day Mr Chairman, panel of judges, accurate timekeeper, co-debaters..." Ṣé ẹ rántí? Àgbẹ̀ dáa ju dókítà lọ. Tíṣà ló kọ ọ́, ọmọ há a sórí, ó ń mi bí agogo bó ṣe ń kà á. Tó bá gbàgbé ìlà kẹta, ó máa padà lọ kí Mr Chairman lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ẹnì kan nínú gbọ̀ngán yẹn tó ń fetí sí ọ̀rọ̀ ẹnìkejì, torí ohun tí kálukú máa sọ ti wà nílẹ̀ láti ilé. (Mo gba ipò kejì ní JS3 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí bàbá mi kọ fún mi. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹni tó gba ipò kìíní, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gùn ju tèmi lọ ni, ká sòótọ́.)

Ìjíròrò yàtọ̀ sí ìyẹn. Níbi ìjíròrò, ohun tí o fẹ́ sọ lè yí padà torí ohun tí ẹnìkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ibẹ̀ ni èdè ti ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ọmọ ò ní jíròrò lórí ohun tí kò kàn án.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an, àṣìṣe ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin mẹ́ta pẹ́ dé. Àwọn ọlọ́pàá ti dá ọ̀kadà tó gbé wọn dúró lọ́nà, wọ́n gba fóònù ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ń tú u wò. Wọ́n jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ fún àwọn tó kù. Gbogbo kíláàsì yí ẹ̀yìn sí mi. Èmi wà níwájú, mo di ṣọ́ọ̀kì mú, mo ń kọ́ wọn ní present continuous: I am eating, you are eating, they are eating.

Mo ní ó dáa. Ẹ bọ́ síwájú, ẹ wá ṣe é ká rí i. Ìwọ ni ọlọ́pàá, ìwọ ni ọlọ́kadà, ìwọ ló ni fóònù. Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ bá ní lọ́wọ́ ni kí ẹ fi ṣe é.

Ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀: "Where is the receipt of this phone?" Ẹ̀rín ta lu òrùlé. Kò sí ẹni tí kò mọ ìbéèrè yẹn.

Onífóònù dáhùn: "My brother buy it for me, sir."

Èmi ọlọ́gbọ́n ayé, mo já lu ọ̀rọ̀: "Bought! My brother bought it."

Ọmọ náà wò mí, ó wolẹ̀, ó padà lọ jókòó. Eré parí. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kó tó tún la ẹnu nínú kíláàsì mi. Ẹ rò ó wò. Ọlọ́pàá inú eré ò tíì dá a lẹ́bi kankan. Tíṣà rẹ̀ ló dá a lẹ́bi.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń mú ìwé kékeré kan dání. Bí eré bá ń lọ, mi ò ní sọ nǹkan kan. Mo máa kọ àṣìṣe sílẹ̀, mi ò ní kọ orúkọ. Tó bá parí, mo máa kọ gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún sára bọ́ọ̀dù, gbogbo wa máa jọ tún un ṣe. Ẹni tó sọ ọ́ mọ̀ pé òun ló sọ ọ́, kò sí ìdí fún ẹlòmíràn láti mọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì a tún ti ọlọ́pàá gbé jáde. Lọ́tẹ̀ yìí mo yá ọgbọ́n kan lò lọ́wọ́ ará Brazil kan tí wọ́n ń pè ní Augusto Boal. Nínú tíátà tirẹ̀, òǹwòran lè dá eré dúró, kó bọ́ síwájú, kó gba ipò ẹni tí ìyà ń jẹ, kó gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá rí i pé onífóònù ń ṣìnà, kó pariwo "Dúró!"

Ọlọ́pàá le kankan: "You are refusing?" Onífóònù bẹ̀rẹ̀ sí í kálòlò. Láti ẹ̀yìn, ẹnì kan ké "Dúró!" Ọmọ tí mo já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́sí ni. Ó bọ́ síwájú, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní:

"Sir, I am not refusing. I am explaining."

Kíláàsì hó yèè. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo SS2 ti ń fi gbólóhùn yẹn dáhùn gbogbo nǹkan. Ẹni tí wọ́n ní kó gbálẹ̀, ó ń ṣàlàyé ni, kò kọ̀.

Ẹ sì wo gbólóhùn náà. Present continuous ni, ẹ̀ẹ̀mejì. Ohun kan náà tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan rọ sí wọn létí pẹ̀lú "I am eating" tí kò wọlé. Kò sí ẹni tó ń jẹun nínú kíláàsì yẹn, kí ni wọ́n fẹ́ fi "I am eating" ṣe?

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí mi ò rò rí títí mo fi rí i lẹ́nu wọn. Nínú Yorùbá, "ẹ" kan ṣoṣo ti yanjú ọ̀wọ̀. Ẹ fún mi ní fóònù mi. Ó tán. Gẹ̀ẹ́sì ò ní "ẹ". Ọmọ tó wí fún ọlọ́pàá pé "Give me my phone," lọ́kàn rẹ̀, ó ti bọ̀wọ̀ fún un. Létí ẹni tó gbọ́, àfojúdi ni. Ọ̀wọ̀ inú Gẹ̀ẹ́sì wà nínú "could", nínú "may I", nínú bí o ṣe gbé ohùn. Odidi ọ̀sẹ̀ kan la fi lé e: kí ni ìyàtọ̀ láàárín "I want to call my father", "can I call my father" àti "may I call my father, sir"? Èwo lo máa sọ fún tíṣà, èwo fún ọlọ́pàá, èwo fún ọ̀rẹ́ rẹ? Mo ti ka modal verbs ní yunifásítì, mi ò mọ̀ pé ẹ̀mí lè wà lórí rẹ̀.

Torí ẹ̀mí wà lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwa ń pariwo EndSARS, ṣe ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ JS1. Wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ló sọ fún wọn. Mi ò kọ́ wọn kí wọ́n bá ọlọ́pàá jà o, ìbọn ò gbọ́ gírámà. Mo kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu wọn lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá na ọwọ́ sí àpò wọn.

Kí n tó gbàgbé: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nǹkan àjèjì ni fífi eré sọ ọ̀rọ̀ ìlú. Hubert Ogunde ṣe Yorùbá Ronú ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà sì fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni yẹn ti ṣe tíṣà, ó ti ṣe ọlọ́pàá, kó tó di eléré. Ó mọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tábìlì.

Wàyí o, ẹjọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé yọjú sí wa. "Kọ́pà, ṣé kíláàsì nìyí àbí ọjà?" Mo ní ẹ má bínú sà, wọ́n ń múra eré sílẹ̀ ni. Ó ní àmọ́ Yorùbá ni òun ń gbọ́. Òótọ́ ni. Ilé-ìwé yẹn máa ń gba náírà 50 lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá, èmi wá ní kí wọ́n fi Yorùbá ro eré kí wọ́n tó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é.

Mi ò ní bá a jiyàn níbẹ̀, àgbà ni. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ jiyàn. Ọmọ ò lè fi èdè tí kò gbọ́ yé ro ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀. Tí o bá fòfin de Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ò ní wọlé gba ipò rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló máa wọlé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n wá wá tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú láti máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ó ti lé ní 50 ọdún! Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ ṣe ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kọkànlá 2025 wọ́n fagi lé e. Ó wá ku náírà 50.

Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ dùn bẹ́ẹ̀. Ibi tó le rèé.

Sáà kejì, mo mú kókó kan wá: òbí kan fẹ́ yọ ọmọbìnrin rẹ̀ kúrò nílé-ìwé kó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, torí owó WAEC ò sí. Mo rò pé kókó tó dáa ni. Lórí tábìlì mi nínú ilé àwọn kọ́pà, kókó tó dáa ni.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ìyá le bí òkúta. Ọmọ ń sunkún. "Dúró!" Ẹlòmíràn gba ipò ọmọ, òun náà sunkún. "Dúró!" Ẹ̀kẹta fi Bíbélì bẹ ìyá. Ẹ̀kẹrin halẹ̀ pé òun máa sá lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀rín ń ta.

Ọmọbìnrin kan wà lápá fèrèsé tí mi ò gbóhùn rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ó ní "Dúró." Kò pariwo. Ó bọ́ síwájú. Kò lọ sí ipò ọmọ. Ipò ìyá ló gbà. Ó kọjú sí gbogbo kíláàsì, ó ní:

"You people think I am wicked. I am not wicked. I have three children and one money."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mi ò kọ nǹkan kan sínú ìwé kékeré mi. Títí dòní mi ò mọ Gẹ̀ẹ́sì tó dáa ju "one money" lọ fún ohun tó ń sọ.

Lẹ́yìn kíláàsì ó tẹ̀ lé mi dé yàrá àwọn tíṣà. Ó ní, "Aunty, ilé wa lẹ fi ṣeré lónìí." Ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un nígbà ìsinmi Kérésì.

Ẹ̀yin tó máa lọ gbìyànjú ohun tí mo ń sọ yìí, ẹ gbọ́ èyí. Nínú ọmọ 68, egbò ẹnì kan wà nínú kókó yòówù kí ẹ mú wá. Mi ò rò ó. Mo wá ọ̀rọ̀ tó máa mú wọn sọ̀rọ̀, mo rí i, mi ò bi ara mi pé kí ni mo ní lọ́wọ́ fún ẹni tó bá sọ ọ́ ní òótọ́. Mi ò ní nǹkan kan. Mo bá a lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Màmá gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún mi lómi, wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, wọ́n sì tún ohun tí ọmọ wọn ti sọ sọ fún mi ní Yorùbá, láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo padà sílé.

Nígbà tí wọ́n gba orúkọ fún ìdánwò ní SS3, orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Torí náà mi ò sọ pé eré yìí ń gba ọmọ là. Mo yí bí mo ṣe ń ṣe é padà. Ẹ̀yìn odi la máa ń gbé ìtàn lọ, ìlú tí kò sí níbì kankan, orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́. Ọmọ lè ní òun ò ṣe, kò sí ẹni tó máa bi í nídìí. Mo tún kọ́kọ́ máa ń wádìí lọ́wọ́ ẹni tó mọ ilé àwọn ọmọ. Ní ilé-ìwé yẹn, ìyá tó ń ta búrẹ́dì ní ẹnu géètì ló mọ̀ ọ́n jù.

Ẹ ò sì ní rí àyè fún ọmọ 68 nínú 40 ìṣẹ́jú, mo mọ̀. Ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń ṣe é lọ́jọ́ kan. Àwọn tó kù ń kọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan fún wọn, ìbéèrè náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fẹ́ mọ ìdáhùn rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tíṣà tí wọ́n ní kí wọ́n parí síléébọ́ọ̀sì kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, mi ò lè bú yín. Èmi náà, àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí mo kan kọ nóòtì sára bọ́ọ̀dù tí mo sì lọ jókòó.

Ní báyìí tí mo ń ṣe fídíò, ìbéèrè tó ń wọlé sínú DM mi jù ni pé báwo lèèyàn ṣe ń ní "accent". Ó máa ń rẹ̀ mí. Kò sí ẹnì kan tó bi mí rí pé báwo lèèyàn ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé rárá.

Ọmọbìnrin apá fèrèsé yẹn ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ báyìí. A jọ ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Lóṣù tó kọjá, oníbàárà ọ̀gá rẹ̀ kan tí kì í sọ Yorùbá pè láti Abújá, ó ń pariwo pé kí wọ́n dá owó òun padà torí aṣọ pẹ́. Ọ̀gá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, ó gbé fóònù fún un. Lálẹ́, ó kọ̀wé sí mi:

"Aunty, I tell her, I am not refusing, I am explaining. She wait for the cloth."

Mi ò tún "tell" yẹn ṣe.